Concorde 1969 ti Saint-Pierre-et-Miquelon: èwo ni kí n rà kí gbàǹjo tó parí?

Adéọlá_L: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá, alẹ́ ọ̀la ni gbàǹjo yóò parí. Sítáǹpù Concorde (ọkọ̀ òfurufú akérò tó yára ju ìró lọ) ti 1969 ni, ti Saint-Pierre-et-Miquelon, erékùṣù Faransé nítòsí Canada. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀: eléyín (tí etí rẹ̀ rí ṣóńṣó-ṣóńṣó níbi tí wọ́n ti ya á lójú ihò) tí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ pé, ẹyọ kan tí kò léyín (tí etí rẹ̀ gún gbọọrọ), àti èyí tó wà lára àpò lẹ́tà. Èwo ni kí n mú?

BàbáÀkójọ: Ẹ ò sọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ ná, ẹ ò sì jẹ́ ká rí fọ́tò ẹ̀yìn wọn. Eléyín ni kẹ́ ẹ mú. Ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ méje tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló jọ gbé àwòrán kan náà jáde nígbà tí Concorde kọ́kọ́ fò ní Toulouse, títí kan Wallis-et-Futuna, Polynesia àti New Caledonia. Ti TAAF, ìyẹn àwọn ilẹ̀ wọn apá gúúsù níbi yìnyín, ló máa ń wọ́n. Ti Saint-Pierre kì í ṣòro rí, nítorí náà ẹ má kánjú gba èyí tó lábùkù. Ẹ fi awò wo ṣóńṣó eyín rẹ̀. Fọ́nrán ìwé tó bá ya dáadáa máa ń rí wúruwùru, ó sì máa ń rọ̀. Tí gọ́ọ̀mù bá ti bo fọ́nrán yẹn, tí eyín le gbagidi, a jẹ́ pé wọ́n tún gọ́ọ̀mù mìíràn fi sí i ni.

ỌmọÌjẹ̀ṣà: Ẹ sá fún èyí tí kò léyín! Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gé eyín èyí tí wọ́n tà fún mi. Ojú ihò ṣì hàn létí òsì. Ẹni tó tà á ò dá kọ́bọ̀ padà.

Ìyábọ̀_Àkójọ: Háà! Èmi náà ti fẹ́ ra irú ẹ̀. Mi ò rà á mọ́.

Tòkunbọ̀77: Ẹ má dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Faransé fúnra wọn máa ń tẹ èyí tí kò léyín jáde, ojúlówó ni. Ẹ gbé eléyín kalẹ̀, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ṣóńṣó eyín kan dé ṣóńṣó òdìkejì. Èyí tí kò léyín gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lóròó àti ní ìbú. Bó bá kéré sí i, wọ́n gé e ni.

ỌmọÌjẹ̀ṣà: Méjì tó so pọ̀ nìkan lèmi lè gbà. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ fi ihò pamọ́ sáàárín wọn.

Tòkunbọ̀77: Èyí tí etí bébà tí wọ́n tẹ sítáǹpù sí ṣì wà lára rẹ̀ ńkọ́?

ỌmọÌjẹ̀ṣà: Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nìyẹn jẹ́rìí sí. Wọ́n lè gé mẹ́ta tó kù.

AwoÒfurufú: Èmi á ní kẹ́ ẹ wá àpò lẹ́tà Paris–Dakar–Rio ti 21 January 1976. Ọjọ́ yẹn ni Air France kọ́kọ́ fi Concorde kó èrò, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wa níbí ló sì ti dúró. British Airways lọ sí Bahrain lọ́jọ́ kan náà.

BàbáÀkójọ: Kì í ṣe ohun tó bi wá nìyẹn, àmọ́ ó kan àpò lẹ́tà tó wà nínú gbàǹjo yẹn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé Concorde ló gbé e, ẹ má gbà. Ìdánwò ni wọ́n ṣì ń fi ọkọ̀ yẹn ṣe ní 1969. Pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n ṣí ní Saint-Pierre ní 1999 pàápàá, bí 1,800 mítà ni gígùn ojú ọ̀nà rẹ̀. Concorde ń fẹ́ nǹkan bí 3,600 kó tó gbéra.

Ṣọlá_Álíbọ́ọ̀mù: Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ má fi sínú rọ́bà PVC. Èròjà tí wọ́n fi mú rọ́bà yẹn rọ̀ máa ń jáde wọnú yíǹkì. Polypropylene tàbí polyester ni kẹ́ ẹ lò. Pẹ̀lú ọ̀rinrin Èkó yìí, ẹ gbé álíbọ́ọ̀mù dúró lóòró, ẹ má tò wọ́n léra. Bí wọ́n bá wúwo lé ara wọn, gọ́ọ̀mù á lẹ̀.

Adéọlá_L: Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ra ẹyọ tí kò léyín. Inú férémù ló ń lọ, ẹ̀bùn fún ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa ọkọ̀ òfurufú ni. Àwòrán rẹ̀ ló dá ṣáká jù lójú mi.

ỌmọÌjẹ̀ṣà: Ẹ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tó bá dé, kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá.

BàbáÀkójọ: Ẹ má fi gílúù lẹ̀ ẹ́ o. Ẹ fi sínú Hawid, ìyẹn àpò kékeré tó mọ́ gaara tí wọ́n ṣe fún sítáǹpù, kẹ́ ẹ lẹ Hawid mọ́ káàdì tí kò ní ásíìdì. Ẹ gé káàdì mìíràn yí i ká kí gíláàsì má kan ojú sítáǹpù, torí yíǹkì rẹ̀ yọ sókè. Ògiri tí oòrùn kì í bà ni kó gbé e kọ́ sí.