Ṣé "orin ìbílẹ̀" la ó máa pe fóòkì?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí ọ̀rọ̀ àná, níbi tá a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún fóòkì (orin folk àwọn òyìnbó), tí ẹ̀gbọ́n wa kan pe First Aid Kit, àwọn olórin méjì kan, ní "ẹgbẹ́ olórin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà", ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ àwọn orin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, mi ò sì tètè sùn lóru ọjọ́ náà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, Johanna àti Klara Söderberg, ọmọ Enskede ní Stockholm, ní Sweden. Ní 2008 wọ́n wọ inú igbó lọ, Klara gbé gìtá, wọ́n kọ orin Fleet Foxes, ẹgbẹ́ olórin fóòkì Amẹ́ríkà, kan, wọ́n gbé fídíò ẹ̀ sórí YouTube, ọmọ ọdún 15 ni Klara nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jẹ́ 17, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti mọ̀ wọ́n káàkiri. Ọdún yẹn náà ni àwo kékeré wọn àkọ́kọ́, Drunken Trees, jáde.

Níbo wá ni ìbílẹ̀ wà níbẹ̀? Ohun tó bá ilẹ̀ ẹni wá là ń pè ní ìbílẹ̀. Orin Bright Eyes, ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà kan, ló kọ́kọ́ mú Klara, látibẹ̀ ló ti wá orin dé ọ̀dọ̀ Carter Family, ìdílé olórin Amẹ́ríkà àtijọ́, ọmọ Sweden tó lọ ń gbọ́ orin ilẹ̀ onílẹ̀ títí ó fi di tiẹ̀. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, bánjò tí wọ́n fi ń dá irú orin bẹ́ẹ̀ mọ̀, àwọn ẹrú láti Áfíríkà ló gbé ọgbọ́n ẹ̀ débẹ̀, Túndé King, ọ̀kan lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ jùjú, sì ń ta tiẹ̀ l'Ékòó ní àwọn ọdún 1930, a ò sì pe jùjú ní orin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà. Fóòkì ni ká máa kọ, ká kọ Amẹrikána (Americana, irú orin Amẹ́ríkà kan tó bá fóòkì tan) náà bẹ́ẹ̀, torí orúkọ ni, bí fújì ṣe jẹ́ orúkọ tí òyìnbó kankan ò túmọ̀.

"Ìbejì olórin" tí àbúrò kan dá lábàá fún ẹgbẹ́ olórin ẹlẹ́ni méjì, Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, ìbejì olórin ilẹ̀ wa, ló ni ín. Olórin méjì ti tó.

Ibi tó dùn mí jù ni ti ohùn, ìyẹn kí ẹni méjì jọ kọ orin kan náà, kí ohùn kálukú gba ọ̀nà tiẹ̀, tí òyìnbó ń pè ní harmony. Ẹnì kan ní ká pè é ní ègbè. Rárá o! Ègbè máa ń dúró de lílé ni, ẹnì kan á lé, àwọn tó kù á gbè é. Ẹ tẹ́tí sí fídíò inú igbó yẹn dáadáa, Klara ló di orin mú, àmọ́ tí Johanna bá wọlé, kò dúró kí àbúrò ẹ̀ parí gbólóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń kọ lásìkò kan náà, ó kàn gba ọ̀nà tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni. "Ìṣọ̀kan ohùn" náà ò bá a mu, torí wọn ò di ọ̀kan, méjì ni wọ́n ṣì jẹ́, ohun tó ń gún mi lọ́kàn nìyẹn.

Ìlọ́pọ̀ ohùn lèmi fi sílẹ̀. Tí wọ́n bá lọ́ fọ́nrán méjì pọ̀ di okùn, o ṣì ń rí ìkọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tó o bá fà á, méjèèjì ló máa bá ẹ wá.

Mo mọ̀ pé èdè wa ló mú un le, torí tí ohùn kan bá ń gòkè tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó gòkè kọ ọkọ́, ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ kọ ọkọ̀, ìtumọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, bóyá ìdí nìyẹn tí lílé àti ègbè fi tó àwọn baba wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ltò (alto, ohùn obìnrin tó wà nísàlẹ̀) ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jọ̀ọ́, tí ọ̀gá akọrin bá fẹ́ kẹ́ ẹ gba ọ̀nà tiyín, ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ló máa ń lò?