Etí, ojú àti ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi: ta ló mọ ibi àyẹ̀wò?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìkòròdú la wà. Etí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 9, ló kọ́kọ́ di, ojú tẹ̀ lé e. Ní báyìí, kò lè de bọ́tìnnì aṣọ iléèwé rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ń wọ́ nílẹ̀. Àwọn kan nínú ẹbí ní ayé ló ń ṣe é. Èmi ò gbà: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti di olóògbé, etí náà ló fi bẹ̀rẹ̀.

Dókítà ní ó lè jẹ́ riboflavin transporter deficiency, àìsàn téèyàn ń jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá tára tiwọn le. Apilẹ̀ àbùdá SLC52A2 tàbí SLC52A3 ló máa ń ní àléébù, tí fítámínì B2 ò fi ní dé ibi tó yẹ lára. Fítámínì yẹn náà, ní ìwọ̀n ńlá, ni ìtọ́jú rẹ̀, wọn kì í sì í dúró de èsì àyẹ̀wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni. Ìyẹn ló ń fún mi nírètí.

Ta ló ti ṣe àyẹ̀wò apilẹ̀ àbùdá rí l'Ékòó? Ṣé LUTH n'Ídìí-Àràbà ni ká gbà lọ, àbí LASUTH n'Íkẹjà? Ẹ dákun, ẹ tètè dá mi lóhùn, torí àìsàn yìí máa ń dé orí èémí.