Kẹ̀kẹ́ oníbẹ́líìtì fún lílọ síbi iṣẹ́: ṣé kí n rà á?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ní Manchester, òjò ibẹ̀ kì í sì í gbẹ̀bẹ̀. Tó bá wá di ìgbà òtútù tí wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín má bàa dì níbẹ̀, kíá ni ṣéènì á dípáàrà tí n kò bá nù ún kí n fi ọ́ìlì sí i. Ká má tíì sọ ti gírísì tó ń ba ṣòkòtò mi jẹ́.

Ìdí nìyí tí ojú mi fi wà lára kẹ̀kẹ́ oníbẹ́líìtì, èyí tó ń lo bẹ́líìtì (irú ti ilé-iṣẹ́ Gates) dípò ṣéènì. Bẹ́líìtì kì í dípáàrà, kò fẹ́ ọ́ìlì, kì í pariwo. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì kò ṣeé tú kí a tún so bíi ṣéènì, nítorí náà férémù sábà máa ń ní láti ní ibi tó ṣeé ṣí lẹ́yìn kí wọ́n tó lè fi sí i. Kò ṣeé gbé sórí kẹ̀kẹ́ mi àtijọ́ nìyẹn. Inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn (àárín gbùngbùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́) ni jíà rẹ̀ sábà máa ń wà, bíi Shimano Alfine oníjíà 8. Owó gọbọi sì ni!

Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó, tí táyà ẹ̀yìn bá jò lójú ọ̀nà ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń tú u fúnra yín? Ṣé jíà 8 sì tó fún òkè, tèmi ti ẹrù lẹ́yìn? Ètò Cycle to Work, tí òṣìṣẹ́ fi ń gba kẹ̀kẹ́ nípasẹ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀, wà níbi iṣẹ́ mi, n ó lè san án díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ìyàwó mi ní kí n kúkú máa pààrọ̀ ṣéènì lọ́dọọdún. Àbí òótọ́ ló sọ?