Rọ́bà oúnjẹ màmá mi: ibi tá a bá a dé

Ẹ kú àdúrótì o. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ké gbàjarè pé rọ́bà tí oúnjẹ ń gbà wọ ikùn màmá mi ń jò, ẹnu ihò rẹ̀ pọ́n, wọ́n sì ń húkọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Àrùn Parkinson, àrùn ọpọlọ tó ń mú ara gbọ̀n, ló gba oúnjẹ gbígbémì lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ rọ́bà náà ti lójú báyìí.

Bàlúùnù kékeré olómi tó di rọ́bà náà mú nínú ikùn ló ń fa jíjò. Nọ́ọ̀sì fa omi inú rẹ̀ wò, kò tó ìdajì mọ́. Ẹran pupa tó hù yí ihò náà ká kì í ṣe jẹjẹrẹ bí mo ṣe rò (ẹ wo bí mo ṣe sunkún tó!), wọ́n fi oògùn jó o, ó sì ń gbẹ.

Ikọ́ yẹn ló dùn mí jù, torí ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Bí oúnjẹ bá ti tán ni mo máa ń tẹ́ wọn sílẹ̀ gbalaja. Ní báyìí wọ́n ń jókòó fún wákàtí kan kí wọ́n tó dùbúlẹ̀, a sì jẹ́ kí oúnjẹ máa rọra wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tí rọ́bà náà bá yọ, kí n má fọwọ́ ara mi tì í padà, ẹ ṣeun. Ó yọ lóru Ẹtì lóòótọ́. A ò dúró kílẹ̀ mọ́ ká tó wá ìrànlọ́wọ́, torí ihò náà lè dí láàárín wákàtí díẹ̀.

Mo ti ń sùn díẹ̀díẹ̀, etí mi kan ṣì ń ṣọ́ wọn. Mi ò ní ìbéèrè mọ́.