Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún àbúrò mi, tí wọn kò fún bàbá wa

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé wa kún ọ̀rọ̀ bóyá tranexamic acid, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì lójú ọgbẹ́ tètè yọ́, wúlò fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú orí rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá lẹ́ẹ̀mejì.

Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ ṣubú lórí ọ̀kadà n'Íbàdàn, tó fi orí gbá kọnkéré. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, àmọ́ ìbéèrè kan náà ló ń bi wá lábiitúnbi. Kí dókítà tó béèrè orúkọ rẹ̀ ló ti béèrè aago tó ṣubú. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀ (owó ọjà ẹ̀gbọ́n wa obìnrin la fi san án), wọ́n sì rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì rọra fa gíráàmù 1 oògùn náà sí i lára fún ìṣẹ́jú 10, ó wá fi gíráàmù 1 mìíràn sínú omi tó ń kán fún wákàtí 8. Dókítà ní ìwádìí CRASH-3, tó jáde lọ́dún 2019, tí àwọn aláìsàn inú rẹ̀ sì lé ní 12,000, fi hàn pé bí wọ́n bá fún ẹni tí ìfarapa orí rẹ̀ kò le jù ní oògùn náà láàárín wákàtí 3 tó ṣèṣe, ikú á dínkù, ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ ti le gan-an kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi yè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè búra pé abẹ́rẹ́ náà nìkan ló gbà á.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru wá bẹ́ iṣan nínú ọpọlọ bàbá wa, tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn rọ, gbogbo wa la ń pariwo pé kí wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ kan náà. Dókítà obìnrin kan ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ìṣubú fà àti èyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru fà kì í ṣe ọ̀kan náà.” Ó ṣàlàyé pé nínú ìwádìí TICH-2 ti ọdún 2018, oògùn náà dín bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tàn kálẹ̀ kù díẹ̀, ikú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sì dínkù, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di àádọ́rùn-ún ọjọ́, àwọn tó gbà á kò sàn ju àwọn tí kò gbà á lọ. Mímú ẹ̀jẹ̀ ríru náà wálẹ̀ ni wọ́n gbájú mọ́.

Bàbá ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ṣì ń bínú pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ du bàbá. Mo ti ṣàlàyé títí, wọn kò gbà.