Kí ló dé tí etí pátákó fáíbà wa fi ń ṣí?

Olùbéèrè, Ẹ̀bùté-Mẹ́tta: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Létí ọ̀sà níbí ni a ti ń ṣe pátákó fáíbà tí wọ́n ń tẹ́ sí ilẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ìpele 8 ni a ń fi résìn lẹ̀ pọ̀, gbogbo rẹ̀ sì nípọn tó mìlímítà 6: méjì tí okùn wọn lọ ní gígùn wà lókè, mẹ́rin tó lọ ní ìbú wà láàárín, méjì mìíràn tó lọ ní gígùn sì wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí èrò ti ń tẹ̀ ẹ́, etí tí a fi ayùn gé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí ìwé tí omi wọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àárín rẹ̀ dá ṣáká. Mo fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀, ó ní kò sí ìpele kankan tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù. Kí ni mo gbójú fò?

Ọ̀gá ọlọ́kọ̀, Bàrígà: Àbúrò, kí o tó dé ìdí ìṣírò, yẹ iṣẹ́ ọwọ́ yín wò ná. Bí résìn yín bá jẹ́ èyí tó ní ìda nínú, ìda yẹn máa ń léfòó sójú rẹ̀ bó ṣe ń gan. Bí ẹ bá wá fi ìpele mìíràn lé e lọ́jọ́ kejì láìfi sáńpépà ha á, orí ìda ni ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Fi owó kọ́bọ̀ kàn án kiri, bí o bá ṣì rí ọ̀kan ní ìlú yìí. Ibi tó bá dún bọ̀ọ̀ ti ya nínú.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé, sà. Ọjọ́ kan náà ni a máa ń parí gbogbo ìpele. Kọ́kọ́rọ́ ni mo fi kàn án: ibi tó ń dún bọ̀ọ̀ kò ju ìbú ìka kan lọ láti etí.

Olùkọ́ kan, Àkọkà: A jẹ́ pé ọ̀rọ̀ etí gan-an ni. Bí wọ́n bá fa pátákó náà ní gígùn, ìpele tó lọ ní gígùn a fẹ́ súnkì ní ìbú, ṣùgbọ́n okùn tó dábùú nínú ìpele kejì kò ní gbà. Ní àárín pátákó, wọ́n so ara wọn mọ́lẹ̀. Ní etí, kò sí ohun tó di ipá ìbú yẹn mú, nítorí náà résìn tó wà láàárín wọn ni yóò gbé e: ipá kan a máa mú ìpele yọ̀ lórí èkejì, òmíràn a sì máa fẹ́ ṣí wọn kúrò lára ara wọn. Àwọn onímọ̀ méjì, Pipes àti Pagano, fi ìṣírò hàn ní 1970 pé agbègbè yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìnípọn pátákó fúnra rẹ̀ lọ láti etí. Tìrẹ, bíi mìlímítà 6 nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà rẹ kò parọ́. Ohun tí o bi í ló dáhùn. Irú ìṣírò pátákó bẹ́ẹ̀ ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò sí ipá lójú ìnípọn, kò sì lè rí ohun tó ti pè ní òdo. Àfi kí o ṣírò ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gígùn, ìbú àti ìnípọn, kí o sì pín etí sí wẹ́wẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra: bí o bá ṣe ń pín in sí i ni iye tó wà ní ṣóńṣó etí yóò máa ròkè, nítorí náà ìpíndọ́gba rẹ̀ lórí ìwọ̀n ìnípọn ìpele kan ni kí o lò.

Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Yábàá: Mo fara mọ́ ohun tí olùkọ́ sọ. Mẹ́rin tí ẹ kó jọ sójú kan yẹn kò bá mi lára mu rárá. Kí ipá etí yẹn lè dín kù, ẹ tò wọ́n ní gígùn, ìbú, gígùn, ìbú, kí ìdajì ìsàlẹ̀ sì dà bí òjìji ti òkè nínú dígí. Líle rẹ̀ lójú ìfà kò ní yí padà, ṣùgbọ́n yóò rọ̀ díẹ̀ sí i bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní gígùn, nítorí ìpele gígùn méjì ti sún mọ́ àárín. Ẹ ṣírò ìyẹn kí ẹ tó gé ọjà.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Àwọn tó ti ṣí ńkọ́?

Ọ̀gá ọlọ́kọ̀, Bàrígà: Gé e wọlé kọjá ibi tó ń dún bọ̀ọ̀, kí o gbé pákó sábẹ́ ayùn, kí o jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí o wá fi résìn àti aṣọ fáíbà tẹ́ẹ́rẹ́ wé etí náà yípo kí omi ọ̀sà má baà wọ̀ ọ́.