Kẹ́hìndé kò ní jẹ̀díjẹ̀dí: bí a ṣe rídìí àrùn celiac nílé wa

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹnìkan béèrè bóyá ọmọ Yorùbá lè ní àrùn celiac, èyí tí oúnjẹ kan máa ń mú kí ara ba ìfun ara rẹ̀ jẹ́. Ó lè ní in. Ó wà nínú ilé mi ní Tákié níbí.

Lára Kẹ́hìndé ló ti kọ́kọ́ hàn. Ikùn á wú, ìgbẹ́ gbuuru á dé, á rọlẹ̀, á tún padà. Aṣọ ọdún kì í pẹ́ kéré fún Táíwò, ti Kẹ́hìndé á ṣì máa bá a mu lọ́dún tó tẹ̀lé e. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun. Wọ́n fún un lóògùn aràn, lóògùn ibà, lóògùn ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á gòkè díẹ̀, á tún wálẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ń rẹ egbòogi sómi ògì fún un. N kò bá wọn jà, ìfẹ́ ọmọ ló ń ṣe wọ́n. Dókítà kan tilẹ̀ ní ìbejì kì í dọ́gba, kí n fọkàn balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà nílùú òyìnbó ló là wá lójú. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà kì í tó, kò sẹ́ni tó mọ ìdí, àfi ìgbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé celiac ni. Dókítà wọn ní kí òbí, ọmọ, àti ọmọ ìyá wọn lọ yẹ ara wọn wò, nítorí nínú ẹni mẹ́wàá tó bá wọn tan tó bẹ́ẹ̀, ó lè tó ẹnìkan tó ní in, kódà kí nǹkankan má ṣe é.

Gluten ni ohun tó ń fà á. Inú àlìkámà, ọkà bálì àti ọkà òyìnbó tí wọ́n ń pè ní rye ló wà. Ara ẹni tó ní celiac á máa bá gluten jagun, ìfun rẹ̀ ni yóò sì máa bàjẹ́ níbi ìjà náà, títí ibi tó ti ń fa agbára oúnjẹ sára á fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Abájọ tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ń wọlé tí kò dúró!

Bàbá àwọn ìbejì bi dókítà tí a lọ bá pé ṣé kì í ṣe àrùn òyìnbó nìyí. Dókítà ní àárín àwọn Saharawi, ará aṣálẹ̀ Sàhárà nílẹ̀ Áfíríkà wa yìí, wà lára ibi tó ti pọ̀ jù láyé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má dá búrẹ́dì dúró kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tTG-IgA ń wá àwọn sójà tí ara kó jọ nítorí gluten. Bí gluten bá ti kúrò, sójà á máa tú ká, èsì sì lè ní kò sí nǹkankan. Gbogbo àdúgbò ní kí n gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ọmọ. Èmi ni mo ń gé e fún un láràárọ̀, ó sì ń dùn mí wọra.

Wọn kì í ṣe àyẹ̀wò náà níbi tí a lọ, Èkó ni wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí. Èsì ga. Ní Ìbàdàn, wọ́n fi oògùn mú un sùn, wọ́n ti okùn tó ní kámẹ́rà gba ẹnu rẹ̀ dé ìfun, wọ́n gé bíńtín wò. Òun náà ni.

Gbogbo wa wá ṣe é. Ti bàbá wọn àti Táíwò mọ́. Tèmi tí inú kì í run kò mọ́. Ọdún wo ni wọn ò ti máa sọ pé oyún ìbejì ló gbẹ ẹ̀jẹ̀ mi! Wọn yóò tún Táíwò wò, torí ó lè yọjú lọ́jọ́ iwájú, àfi bí àyẹ̀wò àbímọ́ bá fi hàn pé kò ní àbùdá àbímọ́ tí wọ́n ń pè ní HLA-DQ2 tàbí DQ8. Ẹni tí kò ní méjèèjì, ó ṣọ̀wọ́n kó tó ní celiac.

Ti oúnjẹ kò le tó bí mo ti rò. Ògbómọ̀ṣọ́ ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan: gluten kò sí nínú ọkà tí í ṣe àmàlà, kò sí nínú ẹ̀kọ, kò sí nínú iyán, ẹ̀wà tàbí ìrẹsì. Búrẹ́dì, sẹmó, ṣínṣín àti mọ́ọ̀tì tí wọ́n fi bálì ṣe la dágbére fún. Àkàrà ló yọ mí lẹ́nu, torí epo tí wọ́n fi dín pọ́fù-pọ́fù náà ni wọ́n fi ń dín in. Ẹ̀rọ tó lọ àlìkámà náà ló ń lọ ẹlùbọ́, nítorí náà mo wá ẹni tí kì í lọ àlìkámà rárá. Bàtà Táíwò ti ń bá Kẹ́hìndé mu báyìí.

Ọmọ Ọ̀yọ́:

Ẹ ṣé mà. Ti bàbá mi, èsì kọ́kọ́ ní kò sí, wọ́n sì ń rù lọ. Dókítà mìíràn ló yẹ àpapọ̀ IgA wọn wò, ìyẹn irú sójà tí tTG-IgA ń wá, ó kéré púpọ̀, tTG-IgA kò lè rí nǹkankan sọ. Àyẹ̀wò tó ń wá irú sójà mìíràn, IgG, ló fi í hàn. Ẹ ní kí wọ́n ṣe tTG-IgA àti àpapọ̀ IgA pọ̀.

Ìyá Sábó:

Ọmọ tèmi ti fi búrẹ́dì sílẹ̀ láti Iléyá, ara rẹ̀ sì yá. Ṣé kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí?

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ rí dókítà ná. Ó lè ní kó padà sí jíjẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ má dá iye rẹ̀ pinnu fúnra yín. Ó sì lè kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò àbímọ́, ìyẹn kò bìkítà ohun tí ọmọ ń jẹ. Bí ẹ bá ń kọjá ní Tákié, ẹ yà, màá júwe ibi tí a lọ fún yín.